Bátìrì kọ́ ni Màmá nílò: àkọsílẹ̀ gílóòbù méjìdínlógún nínú ilé kan ní Ìbàdàn

Àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù October ọdún 2024 ni Màmá pè mí lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n. Iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ilé wọn sì wà lápá Bódìjà ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ iná ni èmi ń ṣe jẹun, ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún. Mi ò tíì kí wọn tán tí wọ́n fi wọ inú ọ̀rọ̀: "Ẹni tó so ínfátà fún mi ní kí n ra bátìrì méjì kún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti fẹ́ fowó ránṣẹ́. Mo ní kó ṣì mú sùúrù ná, kí ìwọ kọ́kọ́ wá fi ojú ara rẹ rí i."

Mo bi wọ́n léèrè ohun tó ṣe bátìrì tó wà ńlẹ̀. Wọ́n ní bí wọ́n bá mú iná lọ ní aago mẹ́jọ alẹ́, kí aago mẹ́wàá tó lù, ínfátà á ti máa ké, kò sì ní í pẹ́ tí gbogbo ilé á fi ṣókùnkùn. Owó káàdì náà sì ń kó ìdààmú bá wọn. Owó tó ń tó wọn ra yúníìtì oṣù mẹ́ta tẹ́lẹ̀ kò tó ra ti oṣù kan mọ́. Owó bátìrì méjì tí wọ́n sọ fún wọn sì lé ní náírà 500,000.

Mo gba àyè lọ́wọ́ wọn kí n tó kọ èyí. Mo ti wọ ilé púpọ̀ tí wọ́n ti ra bátìrì, tí wọ́n ti ra sólà, nítorí ohun tí gílóòbù ń jẹ, tí ẹnikẹ́ni ò sì gun àga lọ ka ohun tí wọ́n kọ sára gílóòbù náà. Ó máa ń dùn mí, torí owó tí wọ́n ná yẹn, owó ilé ìwé ọmọ ni nígbà mìíràn.

Ohun tí mo bá nílé

Màmá ní ìwé kékeré kan tí wọ́n ń kọ gbogbo káàdì iná tí wọ́n bá rà sí: ọjọ́ tí wọ́n rà á, iye owó, iye yúníìtì. Ìwé yẹn wúlò fún mi ju gbogbo irinṣẹ́ tí mo gbé lọ. Ó hàn níbẹ̀ pé ṣáájú oṣù April 2024, nǹkan bíi náírà 68 ni wọ́n ń san lórí yúníìtì kan. Nínú oṣù April yẹn ni àjọ NERC, tó ń bójú tó owó iná ní Nàìjíríà, gbé owó àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí ó kéré tán wákàtí 20 fún lójúmọ́, lọ sí náírà 225. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí 206.80 nínú oṣù May, ó tún gòkè sí 209.50 nínú oṣù July. Bí a bá ro VAT, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, mọ́ 209.50 yẹn, inú náírà 225 náà la padà sí. Nínú oṣù September, náírà 75,000 ni wọ́n fi ra káàdì, yúníìtì 333 ni wọ́n sì rí gbà.

Mo pe ọmọ ọmọ wọn tó ń kàwé ní Poli Ìbàdàn, mo ní kó mú bírò àti ìwé, kí a jọ yí ilé ká. Ohun méjì ni mo ń wá lórí gílóòbù kọ̀ọ̀kan: wáàtì tí wọ́n kọ sí i lára, àti iye wákàtí tó fi ń tàn lójúmọ́. Ìkejì yìí ni àwọn èèyàn kì í rò. Àwọn tó ń tà á ní ọjà náà ò ní í bi yín.

A bẹ̀rẹ̀ láti ìta. Gílóòbù márùn-ún ló wà lára ògiri ilé àti lára fẹ́ǹsì, gbogbo wọn sì jẹ́ gílóòbù iná pupa ti àtijọ́, èyí tí wáyà tín-ín-rín máa ń pọ́n bí ẹyin iná nínú rẹ̀. Wáàtì 60 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tàn wọ́n, ó sì máa ń di aago méje ààbọ̀ àárọ̀ kí ẹnìkan tó rántí pa wọ́n. Wákàtí 13 nìyẹn.

Nínú ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gba àárín yàrá kọjá kò ní fèrèsé. Òmíràn tó jẹ́ wáàtì 60 wà níbẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n bá ti jí títí wọn yóò fi sùn ló sì máa ń tàn, wákàtí 16. Fulọ́rẹ́sẹ́ǹtì gígùn méjì wà ní pálọ̀. Wáàtì 36 ni wọ́n kọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ṣóòkù tó wà nínú ilé rẹ̀ tún ń jẹ bíi wáàtì 10 lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kì í kọ ìyẹn sára rẹ̀. Wákàtí 5 ni àwọn yẹn. Ilé ìdáná ní wáàtì 100 kan, wákàtí 4. Yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní enájí-séfà, èyí tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, wáàtì 18 kọ̀ọ̀kan, wákàtí méjì péré lálẹ́. Ilé ìwẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́ mẹ́ta, wáàtì 60 kọ̀ọ̀kan, ààbọ̀ wákàtí lójúmọ́. Ọ̀kan wà ní sítọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í tàn. Ìkejìdínlógún ni iná tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Màmá, mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

A jókòó sí pálọ̀, a ṣe ìṣirò. Ohun tó ń jẹ wáàtì 1,000, tó bá fi wákàtí kan ṣiṣẹ́, yúníìtì kan ló jẹ. Márùn-ún ìta yẹn jẹ́ wáàtì 300. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 13, ó di 3,900, ìyẹn yúníìtì 3.9 lálẹ́ ọjọ́ kan, yúníìtì 117 lóṣù. Ọmọ náà ò gbà, ó ní kí a tún un ṣe. A tún un ṣe, ohun kan náà ló fún wa. Ó lé ní náírà 26,000 lóṣù, lórí iná tí kò sẹ́ni tó ń jókòó lábẹ́ rẹ̀. Gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo yẹn ń jẹ yúníìtì 28.8, ó ju ìlọ́po méjì ohun tí fulọ́rẹ́sẹ́ǹtì pálọ̀ méjèèjì ń jẹ lọ, torí pé wákàtí rẹ̀ ló gùn. Bí a ṣe ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, gílóòbù nìkan ń kó tó yúníìtì 179 nínú 333.

Lẹ́yìn náà ni mo wá kọjú sí bátìrì. Fóòtì 12 ni, 220Ah. Bí ẹ bá sọ 12 di ìlọ́po 220, ohun tó lè gbé lórí ìwé jẹ́ 2,640 wáàtì-wákàtí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ pẹ́ lọ́wọ́ òun kò gbọdọ̀ máa fà á ju ìdajì lọ. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní 1,300. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, ìta, ọ̀dẹ̀dẹ̀, pálọ̀ àti ilé ìdáná ń fa wáàtì 552 papọ̀. Bí ẹ bá fi 552 pín 1,300, kò pé wákàtí méjì ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ a ò tíì yọ ohun tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Bátìrì Màmá kò ní àìsàn kankan. Ẹrù tí wọ́n gbé rù ú ló wúwo.

Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má ra bátìrì. Wọ́n wò mí títí. "Ṣé ó dá ọ lójú?" Mo ní ó dá mi lójú.

Èyí tí a yàn, àti èyí tí a fi sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Lọ́ńdọ̀nù lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní kí n yọ méjèèjìdínlógún dànù, kí n fi LED, gílóòbù ìgbàlódé tí kì í jẹ iná púpọ̀, sí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gbọ́ tèmi. Gílóòbù tó ń tàn fún ààbọ̀ wákàtí lójúmọ́ kò lè dá owó ara rẹ̀ padà kíákíá. Mẹ́ta tó wà ní ilé ìwẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́ ń jẹ yúníìtì 2.7 lóṣù, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀. Bí a bá pààrọ̀ wọn, nǹkan bíi náírà 520 la máa fi pa mọ́ lóṣù. LED tí mo ń rà nígbà yẹn jẹ́ náírà 1,800 ẹyọ kan, mẹ́ta jẹ́ 5,400: oṣù mẹ́wàá gbáko kí owó yẹn tó padà wọlé. Ti ìta ò ní í lo oṣù kan. Ibi tí iná ti ń tàn pẹ́ ni kí owó kọ́kọ́ lọ. Èyí tó bá jó nílé ìwẹ̀, ìgbà yẹn ni ká fi LED rọ́pò rẹ̀.

Àwọn enájí-séfà inú yàrá náà, mo ní kí wọ́n ṣì máa lò wọ́n. Wọn kì í ṣe aláìwúlò. Irú wọn ni Energy Commission of Nigeria pín tó mílíọ̀nù kan kárí orílẹ̀-èdè wa nígbà kan, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ECOWAS àti ìjọba Kúbà. Kúbà fúnra wọn ti lo irú rẹ̀ ní ọdún 2005 sí 2006 láti fi rọ́pò gílóòbù iná pupa jákèjádò erékùṣù wọn. Ohun tí mo kìlọ̀ fún ọmọ náà ni pé mákúrì díẹ̀ wà nínú wọn. Bí ọ̀kan bá fọ́, kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí gbogbo èèyàn jáde nínú yàrá náà fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n má fi ọwọ́ lásán ṣa àfọ́kù rẹ̀, kí wọ́n fi páálí líle kó o sínú ọ̀rá, kí wọ́n so ó pinpin. Mo bá ọ̀kan tó ti kú nínú sítọ̀, ọmọdé sì lè fi ṣeré. Mo wé e sínú páálí, mo gbé e sókè àjà ibi tọ́wọ́ ọmọdé ò lè tó o.

Èyí tí a máa pààrọ̀ wá ku mẹ́sàn-án: márùn-ún ìta, ọ̀kan ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan ilé ìdáná, méjì pálọ̀.

Kí n tó lọ sí ọjà, mo ṣàlàyé ohun kan fún Màmá tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ra gílóòbù mọ̀. Bí ẹ bá gba alágbàṣe méjì sóko, ẹ kì í fi iye òkèlè tí wọ́n jẹ mọ ẹni tó kọ ebè jù. Wáàtì ni oúnjẹ tí gílóòbù ń jẹ. Lumen, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń fúnni, ni ebè tó kọ. Gílóòbù iná pupa ń sọ nǹkan bí ìdá márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó jẹ di ìmọ́lẹ̀, ooru ni ìyókù, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi lè fọwọ́ kàn án bó bá ti tàn pẹ́. Wáàtì 60 ti àtijọ́ ń fúnni ní nǹkan bíi lumen 700 sí 800. Enájí-séfà fẹ́ jẹ wáàtì 13 sí 15 kó tó fún yín níye yẹn, LED kò ju wáàtì 8 tàbí 9 lọ. Nítorí náà, bí ọlọ́jà bá ní "èyí ni wáàtì 20, ó mọ́lẹ̀ gan-an", oúnjẹ alágbàṣe ló ń kà fún yín.

Fún ìta, mo yan wáàtì 9 mẹ́ta sí iwájú àti ẹnu géètì, wáàtì 5 méjì sí ẹ̀yìn ilé níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà. Fún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ náà dábàá wáàtì 3. Mo kọ̀. Àgbàlagbà tó bá dìde lóru, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ń kọsẹ̀, mi ò sì lè torí yúníìtì mẹ́ta lóṣù jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi máa tá ràrà. Wáàtì 9 ni mo fi síbẹ̀. Ilé ìdáná gba wáàtì 15, èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ funfun, torí ibẹ̀ ni Màmá ti ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà lálẹ́. Pálọ̀ gba fulọ́rẹ́sẹ́ǹtì LED méjì, wáàtì 18 kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ìyẹn ṣe nílé. Mo ní láti yọ ṣóòkù àti sítátà kúrò, kí n tún wáyà inú rẹ̀ tò gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe yà á sára páálí.

Ọjà Ògùnpa

Mo mú ẹ̀rọ kékeré kan dání, irú èyí tí a máa ń kì bọ ojú iná tó máa sọ wáàtì gidi tí ohun kan ń jẹ. Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, páálí kan sọ pé wáàtì 18. A tàn án: wáàtì 9 ló fi hàn. Ọ̀rẹ́ mi tó ń tajà náà ò bínú, ó ní bí wọ́n ṣe ń kó o wá nìyẹn. Mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n mi ò rà á. Kì í ṣe pé wáàtì 9 burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá parọ́ lórí wáàtì, kí ló máa sọ nípa wáyà inú rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ páálí kò kọ lumen rárá, mo dá ìyẹn padà. Èyí tó kọ ọ́, mo fi wáàtì pín in: LED tó dáa yẹ kó fúnni ní lumen 80 ó kéré tán lórí wáàtì kan, ọ̀pọ̀ wọn lónìí sì ti kọjá 100. Mo tún wo ìwọ̀n fóòtì. Àwọn kan kọ 220 sí 240, àwọn mìíràn kọ 85 sí 265. Ní àdúgbò Màmá, mo wọn iná ní aago mẹ́jọ alẹ́, fóòtì 168 ni mo bá. Hááfù kọ́rẹ́ǹtì ni. Gílóòbù iná pupa máa ń rẹ̀ dòdò bẹ́ẹ̀, enájí-séfà lè má tilẹ̀ tàn. LED tí wọ́n ṣe fún 85 sí 265 kò ní í mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Mo gbé e lé ọwọ́, èyí tó fúyẹ́ bí ìwé, mo fi sílẹ̀, torí irin tó ń gba ooru kúrò lára rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mo fi kámẹ́rà fóònù wò ó nígbà tó ń tàn. Bí ìlà dúdú bá ń rìn lójú fóònù, gílóòbù yẹn ń ṣẹ́jú lọ́nà tí ojú lásán ò rí, orí sì lè máa fọ́ ẹni tó bá ń kàwé lábẹ́ rẹ̀.

Ẹnu rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Oní-pínnì méjì ni ilé gílóòbù Màmá, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà, kì í ṣe èyí tí a ń lọ́ bí ìdérí ìgò. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ náírà 19,300.

Iná tábìlì

Èyí ló gbà mí lọ́kàn jù. Ẹ̀gbọ́n mi ló mú iná tábìlì yẹn bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí Màmá pé àádọ́rin ọdún. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi ka Bíbélì kí wọ́n tó sùn. Gílóòbù tó bá a wá ti jó. Ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ onílílọ́ tó tín-ín-rín, E14, èyí tó ṣọ̀wọ́n lọ́jà wa. Ẹyọ kan tí ọmọ náà rí rà jẹ́ LED tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ funfun bíi búlúù. Láti ìgbà náà, Màmá ti dẹ́kun kíkàwé lálẹ́. Wọn ò ráhùn. Ìgbà tí mo bèèrè ni wọ́n tó sọ pé, "Ó ń gún mi lójú. Mo rò pé ojú mi ló ti ń lọ."

Ojú wọn kọ́. LED kì í dédé funfun. Ìmọ́lẹ̀ búlúù ló ń ti inú rẹ̀ jáde, ìyẹ̀fun tó yọ sí yẹ́lò tí wọ́n fi bò ó lójú ló ń yí i padà sí funfun. Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Japan, ni wọ́n rí ọ̀nà ṣe iná búlúù yẹn, òun ló sì mú kí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 2014. Kelvin ni wọ́n fi ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ lára páálí. Àwọn LED tí páálí wọn sọ pé 6500 kelvin, èyí tó kún gbogbo ọjà wa, ṣì ní búlúù púpọ̀ nínú. Èyí tó bá kọ 2700 tàbí 3000 pọ́n díẹ̀ bí iná àtùpà. Lẹ́yìn èyí, ojú àgbàlagbà kì í gba ìmọ́lẹ̀ wọlé bíi ti ọmọdé. Ohun tó ń dé ẹ̀yìn ojú ẹni ọgọ́ta ọdún jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó ń dé ti ẹni ogún ọdún. Ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ni Màmá nílò láti fi kàwé, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó ń ta sí wọn lójú ní tààrà.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó fi owó bátìrì rẹ̀ sápò, kó bá mi wá gílóòbù E14 méjì: 2700 kelvin, lumen 470, ojú rẹ̀ kó jẹ́ èyí tó funfun bíi wàrà, kì í ṣe gíláàsì tó mọ́ gaara. Ní Lọ́ńdọ̀nù, irú rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù gbogbo, kò ju wáàtì 5 lọ. Kó tó dé, mo gbé iná tábìlì náà kúrò níwájú Màmá sí ẹ̀yìn èjìká òsì wọn, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa bọ́ sórí ìwé dípò ojú. Ìyẹn nìkan ti jẹ́ kí wọ́n lè ka orí kan.

Ọ̀sẹ̀ kẹta

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù November ni mo fi gbogbo rẹ̀ sí. Gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe ohun kan tó dẹ́rù ba ọmọ náà: a pa á, ó ṣì ń tàn fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí tanátaná. Mo tú súwíìsì. Ẹni tó fa wáyà ilé náà ní àkọ́kọ́ ti gbé súwíìsì sórí níútírà, wáyà tí iná ń gbà padà, dípò wáyà tó gbé iná. Ìyẹn ni pé láti ọdún tí wọ́n ti kọ́ ilé náà, ẹni tó bá pa iná kó tó pààrọ̀ gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣì ń fọwọ́ kan ibi tí iná wà. LED tó ń tàn fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ ló tú àṣírí rẹ̀. Mo tún un ṣe lójú ẹsẹ̀.

Ìṣirò mi sọ pé yúníìtì bíi 146 ló máa dín kù, kí 333 di 187. Nígbà tí oṣù náà parí, ìwé Màmá sọ pé 207.

Mo padà lọ. Méjì nínú márùn-ún ìta ti kú ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ọmọ náà kò fẹ́ kí ìta ṣókùnkùn, ó wọ sítọ̀, ó mú wáàtì 60 méjì tí a ti yọ, ó fi wọ́n padà. Kò ṣe ohun tó burú, òun ò ṣáà ní gílóòbù mìíràn lọ́wọ́. Méjì yẹn láàárín ọjọ́ méjìlá ti jẹ tó yúníìtì 18.

Ẹ̀bi mi ni pé àwọn LED náà kú. Ọ̀kan wà lára ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa, nínú ilé gíláàsì tí wọ́n dé pa pátápátá. Ìdí rẹ̀ ti pọ́n bí iṣu tí a sun. Ooru ló ń pa LED, torí ẹ̀rọ kékeré tó wà ní ìdí rẹ̀ kò lè fara dà á, atẹ́gùn kò sì ráyè wọlé. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sára páálí pé kí a má lò ó nínú ilé tó dé pa, mo kà á, mi ò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ìkejì wà lórí fẹ́ǹsì. Nígbà tí mo tú wáyà rẹ̀, ẹni ìṣáájú kàn fi ọwọ́ lọ́ ọ pọ̀ ni, ó fi téèpù wé e, òjò ti wọ inú rẹ̀, ó ń ṣẹ́ná ṣàù-ṣàù bí atẹ́gùn bá ti fẹ́. Gílóòbù iná pupa kì í bìkítà fún irú ìyẹn. LED kò lè gbà á lójoojúmọ́. Ó yẹ kí n ti tú oríkèé wáyà yẹn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, àìtú u náà ló jẹ́ kí Màmá náwó méjì.

Mo fi ilé gílóòbù tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí rọ́pò gíláàsì yẹn. Mo gé wáyà fẹ́ǹsì, mo fi kọ̀nẹ́kítọ̀ dè é, mo kó o sínú àpótí tí omi ò lè wọ̀. LED méjì náà, èmi ni mo ra òmíràn. Àwọn gílóòbù àtijọ́ tó wà ní sítọ̀, mo kó wọn lọ, mo fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ilé ìwẹ̀. Ọmọ náà sì gbà láti máa pa ti ìta ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀.

Oṣù December kún fún àlejò àti ọmọ ọmọ, 214 ni wọ́n lò. January jẹ́ 189, mo sì fọwọ́ sí i. Lóru ọjọ́ kan nínú January náà, iná lọ ní aago méje alẹ́, kò dé títí di aago márùn-ún ìdájí. Wáàtì 97 ni àwọn iná yẹn ń fà papọ̀ báyìí dípò 552. Màmá sun oorun wọn jí, iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣì ń tàn. Owó tí ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ fi ra bátìrì, wọ́n fi díẹ̀ nínú rẹ̀ tún páànù òrùlé ilé ìdáná ṣe.

Gílóòbù E14 méjì náà bá ẹnìkan tó ń bọ̀ wálé wá nínú oṣù February. Ọ̀kan wà nínú iná tábìlì. Màmá wé ìkejì sínú gèlè, wọ́n fi sínú àpótí aṣọ. Wọ́n ti padà sí kíkàwé lálẹ́, wọ́n tilẹ̀ ń bú mi pé mo jẹ́ kí àwọn máa pẹ́ sùn.

Nínú oṣù March, gílóòbù ilé ìwẹ̀ kan jó. Wọ́n pè mí, àmọ́ wọ́n ní kí n má wulẹ̀ wá. Ọmọ náà ti lọ sí Ògùnpa, ó ti ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀ fún wọn lórí fóònù, láti lumen dé fóòtì, kó tó sanwó.